Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ṣé títẹ bọ́tìnì náà ni gbogbo ìdánwò sọ́fítíwià?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dán sọ́fítíwià wò ló gba ojú ewé yìí lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn lẹ́tà tó jọra, a ti pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó gùn, a ti gé wọn kúrú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ ìdánwò sọ́fítíwià ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ kóòdù máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju kéèyàn máa tẹ bọ́tìnì títí nǹkan á fi bàjẹ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lójú tó sì lọ́wọ́ lè ṣe é. Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?
*Àbúrò Akọ-kóòdù*

Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì gbé ìṣirò kan síwájú wọn. Ká ní abala kóòdù kékeré kan ń gba nọ́ńbà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 32 (bíìtì ni ẹyọ 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan). Oríṣi méjì-méjì tí a lè fún un jẹ́ 18,446,744,073,709,551,616. Bí ẹ̀rọ bá ń dán mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsùn láìwo, yóò gbà á ju ọdún 580,000 lọ kó tó parí. Abala tó lè má ju ìlà mẹ́wàá lọ la sì ń sọ yìí. Kò sẹ́ni tó ń dán gbogbo rẹ̀ wò, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ohun tí a lè fún sọ́fítíwià, ìwọ̀nba mélòó kan ni a ó yàn, yíyàn yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ mú àpótí ọjọ́ orí lórí fọ́ọ̀mù kan, èyí tó yẹ kó gba ẹni ọdún 18 sí 60 nìkan. Ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnì á tẹ 25, á tẹ 30, á tẹ 42. Gbogbo rẹ̀ á wọlé, á ní ó ti dára. Ìdánwò kan ṣoṣo ló ṣe, ó kàn tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni, torí ojú ọ̀nà kan náà ni nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà kọjá nínú kóòdù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á lọ sí ẹnu ààlà: 17, 18, 60, 61. Ẹnu ààlà ni akọ-kóòdù ti máa ń ṣèèṣì kọ “ó ju 18 lọ” níbi tó yẹ kó kọ “ó tó 18 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ”. Àmì kan péré ló fi yàtọ̀, nọ́ńbà 18 nìkan ló sì lè tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ tẹ 25 títí di ọ̀la, kò ní hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohun tí fọ́ọ̀mù kò retí: àpótí òfìfo, 0, -1, 18.5, 018, àlàfo níwájú nọ́ńbà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà, nọ́ńbà tó gùn tó díjíìtì ogún. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìbí ni fọ́ọ̀mù ń gbà tó sì ń ṣírò ọjọ́ orí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Ẹ fi ẹni tí a bí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì dán an wò. Ẹ wo ẹni tó pé 18 lónìí gan-an, kété lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí aago sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá fọ́ọ̀mù lóhùn láti ọ̀nà jíjìn) wà ní agbègbè àkókò mìíràn tí ọjọ́ kò tíì yí padà níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 2000 ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, ṣùgbọ́n 1900 kò ní in, 2100 náà kò ní ní in. Kóòdù tó kàn ń fi 4 pín ọdún yóò ṣi ọdún méjì yìí kà.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ sọ ti Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Yúróòpù, fún wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbéra ní Kourou ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ wẹ́wẹ́ lójú òfuurufú. Wọ́n mú kóòdù kan wá láti ara Ariane 4, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láìlábùkù. Kóòdù yìí ń ki nọ́ńbà bíìtì 64 sínú ààyè bíìtì 16, tí kò lè gbà ju 32,767 lọ. Eré tí Ariane 5 ń sá ní ìbú pọ̀ ju ti Ariane 4 lọ. Nọ́ńbà náà kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ̀rọ atọ́nà dákú, èyí tí wọ́n fi ṣe àfidípò náà sì dákú, nítorí kóòdù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Apá kóòdù yẹn kò tilẹ̀ wúlò mọ́ fún Ariane 5 lẹ́yìn tó bá ti gbéra. Ìwádìí tó tẹ̀lé ìjàǹbá náà rí i pé wọn kò fi ipa ọ̀nà Ariane 5 fúnra rẹ̀ dán ẹ̀rọ atọ́nà náà wò. Bọ́tìnì wo lèèyàn ì bá tẹ̀ kó tó rí ìyẹn? Ẹni tó bá béèrè pé “kí ló ti yí padà láti ìgbà tí kóòdù yìí ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn?” ló lè rí i.

Apá kejì iṣẹ́ náà tún wà, ìyẹn bí a ṣe ń mọ̀ pé èsì tó jáde kò tọ́. A ó kàn án nínú lẹ́tà tó sọ̀rọ̀ nípa AI.

Bí mo bá kọ àléébù ránṣẹ́, àwọn akọ-kóòdù á dá a padà pé lórí ẹ̀rọ tiwọn ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti sú mi.
*Ẹni tí wọ́n ń dá ìwé rẹ̀ padà*

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn. Ohun kan yàtọ̀ láàárín tiwọn àti tiyín, ohun náà ni ẹ kò tíì kọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. “Ìsanwó kò ṣiṣẹ́” kò sọ nǹkan kan. “Bí a bá tẹ Sanwó lẹ́ẹ̀mejì kí ojú ewé tó yí padà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó falẹ̀, owó jáde lẹ́ẹ̀mejì” ti fún akọ-kóòdù ní ibi tí yóò wò: bọ́tìnì tí kò kú lẹ́yìn títẹ àkọ́kọ́, àti sáfà tí kò mọ̀ pé ìbéèrè kejì jẹ́ ẹ̀dà ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó ka ìgbésẹ̀, ẹ kọ ipò tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀: nọ́ńbà ẹ̀dà áàpù náà pátápátá, ẹ̀dà ètò fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, èdè tí a tò ó sí, agbègbè àkókò, irú íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá àkáǹtì náà jẹ́ tuntun tàbí ti àtijọ́. Àkáǹtì àtijọ́ máa ń gbé ìdọ̀tí láti ẹ̀dà tó ti kọjá lọ, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àléébù kì í fi hàn lórí ẹ̀rọ akọ-kóòdù, tí gbogbo nǹkan rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn èyí ni ìgbésẹ̀, ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, àti ibi tí ẹ ti mọ̀ pé ohun tó yẹ nìyẹn. Ẹ fi aago gan-an sí i, tòun ti agbègbè àkókò, kí wọ́n lè rí i nínú log sáfà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kọ iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀: “ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá” wúlò ju “nígbà mìíràn” lọ. Àléébù kan, ìwé kan.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gé e kúrú. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 14, ẹ yọ ìdajì, kí ẹ wò ó bóyá àléébù ṣì wà. Ó sábà máa ń ṣẹ́ kù sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn yẹn ló sì ń tọ́ka sí ohun tó fà á. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lóṣù tó kọjá tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ wá ìgbà tó bàjẹ́. Ẹ lọ sí àárín àwọn àyípadà tó ti wọlé, ẹ dán an wò níbẹ̀. Bó bá dára, inú ìdajì kejì ló wà, bí kò bá dára, inú ìdajì àkọ́kọ́ ni. Àyípadà 1,000 kò ní ju ìdánwò mẹ́wàá lọ. Àṣẹ bisect nínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn àyípadà kóòdù, ń ṣe ìpín náà fún yín.

Ẹ má fi àléébù tó ṣòro láti tún rí sílẹ̀. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtànṣán Therac-25 tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ fún aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò kọ́kọ́ rí àléébù náà lórí tiwọn. Ní ilé ìwòsàn kan ni onímọ̀ físíìsì àti òṣìṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ náà ti jókòó tì í, tí wọ́n ń ṣe ohun kan náà léraléra títí tí wọ́n fi rí i pé ìyára ló fà á: bí òṣìṣẹ́ bá tẹ àtúnṣe wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí ẹ̀rọ fi ń to àwọn irin ìtọ́sọ́nà rẹ̀, ẹ̀rọ kì í rí àtúnṣe náà. Ẹni tó bá ń rọra tẹ̀ ẹ́ kò lè rí i láéláé. Nítorí náà, ẹ máa kọ bí ẹ ṣe yára tó náà sílẹ̀.

Ọ̀gá wa fẹ́ kí ìdánwò kan gbogbo ìlà kóòdù, 100 nínú 100. Ṣé bí a bá dé bẹ̀, a lè fọkàn balẹ̀?

Rárá. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ibi tí ìdánwò gbà kọjá, kò sọ bóyá ó wo nǹkan kan bó ṣe ń kọjá. Ìlà tó ń fi b pín a yóò di “èyí tí a ti dán wò” bí ẹ bá fi 10 àti 2 sí i. Bí b bá jẹ́ 0 ńkọ́? Ìlà tí akọ-kóòdù gbàgbé láti kọ kò sì lè wọ inú ìṣirò náà láé, torí kò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ nọ́ńbà náà ló wúlò: bí apá kan bá wà ní 12 nínú 100, ẹ ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì dé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìdánwò yín ń ṣọ́nà lóòótọ́, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́ díẹ̀, ẹ sọ + di -, ẹ sọ > di >=, kí ẹ wá tún ṣe àwọn ìdánwò náà. Bí wọ́n bá ṣì yege, wọ́n ń sùn ni. Irinṣẹ́ Stryker fún èdè kóòdù JavaScript àti PIT fún Java ń ṣe èyí fúnra wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, ẹ fi mọ sí apá tó kan owó tàbí ẹ̀mí.

Mo fi orúkọ mi pẹ̀lú àmì ohùn sínú áàpù tí a ń dán wò, ó gbà á. Nígbà tí mo fi fóònù mìíràn wá a, ó ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní orúkọ mi ló le. Ta ló jẹ̀bi?
*Olórúkọ Alámì*

Áàpù ló jẹ̀bi. Àléébù tí ẹ rí yìí wà lára àwọn tó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí, nítorí ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ lè gba ọ̀nà mẹ́ta wọ inú kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù kan á fi ẹ tó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́, ìyẹn U+1EB9 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀), á wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí, U+0300. Kóòdù lẹ́tà méjì nìyẹn. Òmíràn á fi e lásán ránṣẹ́, á fi àmì abẹ́ tẹ̀lé e, U+0323, kí àmì ohùn tó dé; kóòdù mẹ́ta. Òmíràn á kọ́kọ́ mú è tó ti ní àmì lórí, U+00E8, á wá fi àmì abẹ́ kún un. Lójú, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Lọ́wọ́ dátábéèsì (ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí) tó ń fi báìtì, ìyẹn àkópọ̀ bíìtì mẹ́jọ, wé báìtì, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Unicode ní ìlànà tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹyọ kan, NFC lorúkọ rẹ̀. Kí áàpù lò ó nígbà tó bá ń gba orúkọ wọlé, kó sì tún lò ó nígbà tó bá ń wá orúkọ. Ìgbà kejì yẹn ni wọ́n sábà ń gbàgbé.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn NFC pàápàá, kóòdù méjì ni ẹ̀ ṣì jẹ́, torí kò sí kóòdù ẹyọ kan fún un, báìtì márùn-ún ló sì ń gbà ní UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ lẹ́tà Unicode sínú báìtì. Àyè tí wọ́n bá dá sí báìtì 20 kò lè gbà ju ẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹ kọ orúkọ tó kún àyè náà dé góńgó, kí ẹ wò ó bóyá áàpù gé e sí àárín lẹ́tà, tí àmì ohùn wá ń dá rìn kiri. Ẹ kó àkọsílẹ̀ jáde sí fáìlì CSV, kí ẹ ṣí i: bí ẹ bá rí “áº¹” níbi tó yẹ kí ẹ wà, ẹnì kan ti fi Windows-1252, ọ̀nà àtijọ́ mìíràn, ka UTF-8. Ẹ tẹ ìwé rẹ̀ jáde sí PDF, níbi tí fọ́ǹtì tí kò ní àmì wa ti máa ń fi àpótí òfìfo rọ́pò wọn. Ẹ sọ orúkọ náà di lẹ́tà ńlá, ẹ tò ó ní ABD. Bí páásíwọ́ọ̀dù bá gba àmì, ẹ dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan, kí ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn wọlé. Bí MySQL, irú dátábéèsì kan, bá wà nídìí rẹ̀, ẹ fi emoji kan kún orúkọ náà: ètò tí wọ́n pè ní utf8 níbẹ̀ látijọ́ kò gbà ju báìtì mẹ́ta lọ fún lẹ́tà kan, emoji sì ń gba mẹ́rin, utf8mb4 ló lè gbé e.

Ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bí àléébù ńlá, torí ẹni tí kò rí orúkọ ara rẹ̀ kò lè lo áàpù náà.

Ìdánwò aládàáṣiṣẹ́ wa jẹ́ 300. Lójoojúmọ́ ni méjì tàbí mẹ́ta ń pupa, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣubú, láìnídìí. Bí a bá tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á di àwọ̀ ewé, wọ́n á yege. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí a kàn máa tún wọn ṣe títí wọ́n á fi gbà. Ó ń kọ mí lóminú.

Ó yẹ kó kọ yín lóminú. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: bí ìdánwò kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe ségesège lẹ́ẹ̀kan péré nínú 200, nǹkan bí ìgbà 22 péré nínú 100 ni gbogbo 300 yóò fi yege pa pọ̀. Ìyókù á pupa láìsí àléébù kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka pupa sí mọ́, ọjọ́ tí pupa bá sì jẹ́ òótọ́, wọ́n á tún un ṣe kọjá. Ìyà yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké: lọ́dún 2016, Google kéde pé nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ìdánwò àwọn ló ní ségesège díẹ̀ tàbí púpọ̀.

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ ṣe òun nìkan ní ìgbà 100 léraléra. Bó bá yege ní gbogbo ìgbà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ìdánwò mìíràn tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń fi nǹkan sílẹ̀ nínú dátábéèsì. Ẹ da ètò wọn rú, kí ẹ ṣe wọ́n láìtẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí ẹni tó ń da ilé rú. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan dá dátà tirẹ̀ sílẹ̀, kó fún un ní orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ní in, kó má fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn.

Bó bá ń ṣubú ní òun nìkan, ẹ wá sleep nínú rẹ̀. Ìdánwò tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé “dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí o wá tẹ bọ́tìnì” yóò ṣubú lọ́jọ́ tí sáfà bá lo méjì àti díẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́wàá, ìdánwò 300 yóò di iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó dúró títí bọ́tìnì yóò fi yọjú tó sì ṣeé tẹ̀, pẹ̀lú òpin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà kúkurú ni yóò máa lò lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sì ní sùúrù nígbà tó bá yẹ. Àwọn tó ń ṣubú ní òpin oṣù tàbí ní alẹ́ nìkan ń wo aago gidi. Ẹ fún wọn ní aago tí ẹ ti dá dúró sí ọjọ́ kan.

Èyí tí ẹ kò bá rí ojútùú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ yọ ọ́ sápá kan, kí orúkọ ẹni tó máa ṣàtúnṣe rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí. Láìsí ọjọ́, ibẹ̀ á di ibojì. Ẹ sì ṣọ́ra o: nígbà mìíràn, ìdánwò tọ̀nà, sọ́fítíwià fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ségesège, tí iṣẹ́ méjì ń du dátà kan náà nínú rẹ̀. Irú àléébù tí Therac-25 ní nìyẹn. Àwọn oníbàárà kò ní bọ́tìnì “tún un ṣe” lọ́wọ́.

Áàpù wa gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí oríṣi fóònù mẹ́ta, ní èdè mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀nà ìsanwó mẹ́ta àti irú íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 81. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fún mi.

Mẹ́sàn-án tó. Ẹ fún ohun mẹ́ta inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 1, 2, 3, kí ẹ kọ ọ́ báyìí, fóònù ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ èdè, ìsanwó, íńtánẹ́ẹ̀tì: 1111, 1222, 1333, 2123, 2231, 2312, 3132, 3213, 3321. Ẹ mú ìsọ̀rí méjì èyíkéyìí, gbogbo ìdàpọ̀ méjì-méjì tó wà láàárín wọn ló wà níbẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ àléébù ni ohun kan tàbí ìdàpọ̀ ohun méjì péré ń fà. Ìwádìí NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n àti ìlànà, fi èyí hàn, kò sì rí èyí tó nílò ju mẹ́fà lọ. Bí ìsọ̀rí yín kò bá dọ́gba báyìí, irinṣẹ́ PICT ti Microsoft á to ìlà náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun méjì ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìdàpọ̀ tí kò lè wáyé, bí ọ̀nà ìsanwó tí kò sí lórí fóònù kejì: bí ẹ bá kàn fo ìlà náà, ẹ ti sọ àwọn ìdàpọ̀ rere inú rẹ̀ nù. Ẹ sọ fún irinṣẹ́ náà ṣáájú kó lè to ìlà mìíràn. Èkejì ni ìdàpọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò jù. Bí ìdajì àwọn oníbàárà bá wà lórí 1232, tí kò sí nínú mẹ́sàn-án yẹn, ẹ fi ṣe ìkẹwàá.

Ṣé kí n lọ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí ISTQB?

ISTQB ni àjọ àgbáyé tó ń fún àwọn tó ń dán sọ́fítíwià wò ní ìwé ẹ̀rí. Ti ìpele ìpìlẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 40 ní wákàtí kan, wọ́n sì máa ń fún ẹni tí èdè ìdánwò kì í ṣe tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí i. 26 ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà. Ó ń fún èèyàn ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣẹ́ jọ ń sọ, ó sì lè ṣílẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé. Kò lè kọ́ yín bí a ṣe ń fura. Bí ẹ bá ní oṣù mẹ́ta péré, a ó kọ́kọ́ fi í kọ́ SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì léèrè, dé ibi tí ẹ ti lè so tábìlì méjì pọ̀, kí ẹ lè lọ wo inú dátábéèsì bóyá ohun tí áàpù ní òun ti fi pamọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ tún kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tó ń lọ láàárín bíráúsà àti sáfà. Ẹ ó yà á lẹ́nu iye sáfà tó ń dáhùn 200, tó túmọ̀ sí pé ó dára, tí àṣìṣe sì wà nínú ìdáhùn náà gan-an.

Ọ̀gá mi ní gbogbo ìdánwò gbọ́dọ̀ ní ìgbésẹ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré ni mò ń ṣe.

Wọn kò jìnnà sí òtítọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń rìn kiri. Ṣùgbọ́n ìdánwò àwárí, níbi tí a ti ń kọ́ nípa sọ́fítíwià bí a ṣe ń dán an wò, tí Cem Kaner, onímọ̀ ìdánwò sọ́fítíwià, sọ lórúkọ ní àwọn ọdún 1980, ní ìjánu tirẹ̀. Ẹ kọ ìlà kan tí yóò darí yín: “Wádìí gbígbé fáìlì sókè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń já, kí a lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì tó dé ìdajì.” Ẹ dá àkókò sí i, nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, kí ẹ má dáhùn ìpè. Ẹ máa kọ aago, ohun tí ẹ gbìyànjú, ohun tí ẹ rí, ìbéèrè tó yọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá fún ìṣẹ́jú 15: ibi tí ẹ dé, ibi tí ẹ kò dé, ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí ohun tó bá ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ di ìdánwò tó ní ìgbésẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ yóò máa tún ṣe. Àkọsílẹ̀ yẹn ló máa tẹ́ wọn lọ́rùn, kì í ṣe àríyànjiyàn.

AI ti ń kọ ìdánwò báyìí. Ní ọ̀sán kan, ó kọ 200 fún wa, gbogbo wọn sì yege. Kí ló kù fún àwa?
*Ẹni tí ẹ̀rù ń bà*

Èyí tó yẹ kó fu yín lára ni pé gbogbo wọn yege. Ká ní ìlànà sọ pé ẹni tó bá ra ọjà tó tó 100 gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dínwó, akọ-kóòdù sì ṣèèṣì kọ “ó ju 100 lọ”. Bí ẹ bá gbé kóòdù yẹn fún AI pé kó kọ ìdánwò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ka kóòdù, kó kọ ìdánwò tó sọ pé 100 kò gba ẹ̀dínwó. Ó yege lóòótọ́. Àléébù náà sì ti wá ní ẹlẹ́rìí tí yóò máa gbè é lẹ́sẹ̀: ẹni tó bá ṣàtúnṣe kóòdù náà lọ́la, ìdánwò á pupa mọ́ ọn lójú.

Ibi tí apá kejì iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ lókè ti wọlé rèé: kí ni a fi ń mọ̀ pé èsì kò tọ́? Ó gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá, yàtọ̀ sí kóòdù tí a ń dán wò. Ó lè jẹ́ ìlànà tí oníṣẹ́ fọwọ́ sí, ẹ̀dà tó ti kọjá, ìṣirò tí a gba ọ̀nà mìíràn ṣe, tàbí òfin ohun gidi. Nígbà tí Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ òfuurufú tí NASA rán sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, sọnù ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, sọ́fítíwià ilé ayé kan ń fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ka agbára tí ẹ̀rọ fi ń tì, èyí tó ń gba nọ́ńbà náà sì rò pé ìwọ̀n mẹ́tíríìkì ni. Nǹkan bí ìlọ́po 4.45 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dán ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó gbà gbọ́, ó lè yege. Ẹni tó mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ nípa ayé ló lè rí i.

Nígbà tí ẹ kò bá mọ èsì tó pé, ẹ wá ìbátan tí èsì méjì gbọ́dọ̀ ní. Ẹ kò lè mọ iye tí ẹ̀rọ ìwádìí yẹ kó mú jáde fún ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi asẹ́ kan, ìyẹn ohun tó ń yọ èsì kan kúrò, kún un, iye náà kò gbọdọ̀ pọ̀ sí i. Ẹ yí owó kan padà sí òmíràn, kí ẹ yí i padà wálé: ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tó ti kúrò. Ẹ da ètò ọjà inú apẹ̀rẹ̀ rú, àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yí. AI mọ irú ìbátan báyìí tò bí ẹ bá ní kó ṣe é, ó sì dára púpọ̀ níbi kíka ohun tí ẹ gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ gbé ìlànà fún un, kí ẹ pa kóòdù mọ́. Ẹ ní kó kọ èsì tó retí sílẹ̀ kí ìdánwò kankan tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tọ́ka sí gbólóhùn inú ìlànà tó ti mú un. Ẹ ka ogún àkọ́kọ́ fúnra yín. Nínú 200 tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kan owó: ẹ ba kóòdù abẹ́ rẹ̀ jẹ́ níbì kan, kí ẹ tún ṣe àwọn ìdánwò náà, kí ẹ wo èyí tó pupa. Bí kò bá sí ọ̀kankan tó pupa, ẹ pa wọ́n rẹ́ kí wọ́n má bàa máa gba àkókò lórí sáfà yín.